Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn tí ń sin ológbò ń lò: kí ni kí a béèrè kí a tó ra ológbò ní Òṣogbo?

Ìyá Ìbejì Òkè-Fìà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Èkúté ti sọ yàrá tí mo ń kó gàrí, ẹ̀wà àti èlùbọ́ ọjà mi sí di ilé wọn, mo sì ní ọmọ kékeré nínú ilé, nítorí náà n kò fẹ́ máa da májèlé káàkiri. Mo ti pinnu láti ra ológbò. Àbúrò mi kan tí ó ń gbé ní Ìgbóǹnà fi ìpolówó kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ohun tí wọ́n sì kọ síbẹ̀ nìyí: “Persian mix, tortie queen, oṣù mẹ́wàá, proven, F1, ó ti gba abẹ́rẹ́ kìíní, ó ti lo oògùn aràn, litter trained. Stud service wà pẹ̀lú.” Ìwọ̀nba ohun tí ó yé mi níbẹ̀ kò ju ọjọ́ orí rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ oògùn aràn lọ. Ọmọbìnrin mi àgbà tún ń sọ pé bí ológbò náà bá bímọ, òun yóò máa ta àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, kí ẹ sì sọ fún mi èwo nínú wọn ni mo lè fi ojú ara mi yẹ̀ wò lára ẹran náà kí n tó san owó, èwo ni ó gbọ́dọ̀ ní ìwé, èwo sì ni ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí ń tà á nìkan ni mo ní.

Ológìnní Alékúwodò

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà o. Bí ẹ ṣe pín ìbéèrè yín sí mẹ́ta yẹn dára púpọ̀, n ó sì tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí akọ àti abo.

Abo ológbò tí a kò tíì yọ ilé ọmọ rẹ̀, tí ó ṣì lè bímọ, ni àwọn olùsìn ń pè ní “queen”. “Tom” ni akọ tí a kò tẹ̀ lọ́dàá. Bí wọ́n bá dìídì yan akọ kan fún gígun abo, “stud” ni wọ́n ń pè é, “stud service” sì ni pé kí ẹ gbé abo yín lọ sílé akọ náà kí ó gùn ún, kí ẹ sì san owó tàbí kí ẹ fún olówó akọ ní ọmọ kan nínú èyí tí abo bá bí. Abo ni a sábà máa ń gbé lọ, nítorí pé akọ tí ó bá dé ilé tí kò mọ̀ máa ń fi ọjọ́ bíi mélòó kan gbóòórùn ògiri àti igun ilé kí ó tó rántí ohun tí a torí rẹ̀ gbé e wá. “Proven” túmọ̀ sí pé abo náà ti bímọ rí, tàbí, bí ó bá jẹ́ akọ, pé abo ti lóyún fún un rí.

Ibí yìí ni kí ẹ ti dúró díẹ̀. Oyún ológbò máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, ọmọ sì ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kí ó tó já lẹ́nu ọmú dáadáa. Bí abo oṣù mẹ́wàá bá ti bímọ, tí ó sì ti gba ọmú lẹ́nu àwọn ọmọ náà, a jẹ́ pé ó lóyún nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì wà ní nǹkan bí ọmọ oṣù mẹ́fà, tí egungun rẹ̀ kò tíì dàgbà tán. Ó lè jẹ́ òótọ́, nítorí abo ológbò mìíràn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí wá akọ láti oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jẹ́ kí èyí ṣẹlẹ̀ kò tọ́jú ẹran rẹ̀, kò sì yẹ kí ó fi í polówó ọjà. Ẹ lè fi ọwọ́ yí irun ikùn rẹ̀ sẹ́yìn: orí ọmú abo tí ó ti fún ọmọ lọ́mú máa ń tóbi, ó sì máa ń hàn ju ti èyí tí kò bímọ rí lọ.

Ẹ óò tún máa rí “neuter” àti “spay”. Ti àkọ́kọ́ ni títẹ akọ lọ́dàá, ti èkejì ni iṣẹ́ abẹ tí a fi ń yọ ilé ẹyin abo, tí a sì sábà máa ń yọ ilé ọmọ pẹ̀lú rẹ̀. “Spraying” ni kí akọ dúró, kí ó gbé ìrù sókè, kí ó máa gbọ̀n ọ́n, kí ó sì fọ́n ìtọ̀ sára ògiri láti fi sàmì sí ààlà rẹ̀. Òórùn rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀. Fún ilé tí a ń kó oúnjẹ ọjà pamọ́ sí, n kò ní gbà yín nímọ̀ràn láti mú akọ tí a kò tẹ̀ lọ́dàá rárá.

Olùkọ́ Báyọ́lọ́jì, Dàda

Ẹ jẹ́ kí n gba ti “Persian mix” àti “tortie”. Persian ni orúkọ ẹ̀yà ológbò onírun gígùn kan, “mix” sì ni pé wọ́n ní ó ní ẹ̀jẹ̀ Persian àti ti òmíràn nínú. Ohun tí ó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn rú ni pé àwọ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yà.

“Tortie” jẹ́ ìkékúrú “tortoiseshell”, àwọ̀ ni: dúdú àti pupa rúsúrúsú tí wọ́n dàpọ̀ mọ́ra. Bí funfun bá tún wà níbẹ̀ gbàgàdà, “calico” ni wọ́n ń pè é. “Tabby” náà jẹ́ àwọ̀, èyí tí ó ní ìlà tàbí tótòtó lára, tí ó sì sábà máa ń ní àmì bí lẹ́tà M níwájú orí. Ológbò ẹ̀yà èyíkéyìí lè ní àwọ̀ wọ̀nyí, ológbò tí kò sì ní ẹ̀yà kankan náà lè ní in. Nítorí náà, “tortie” tí wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn, ojú yín yóò sọ fún yín.

Àwọ̀ yìí tún ń sọ nǹkan mìíràn. Jíìnì, ìyẹn ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí, tí ó ń mú irun ológbò pupa wà lórí krómósómù X, ọ̀kan nínú àwọn okùn àjogúnbá tí ó ń pinnu akọ tàbí abo. Abo ní X méjì, ó lè gba pupa lórí ọ̀kan, kí ó má gbà á lórí èkejì, kí apá kan ara rẹ̀ sì máa tẹ̀ lé ti èkíní, kí apá kejì máa tẹ̀ lé ti ìkejì. Akọ ní X kan ṣoṣo, nítorí náà ó sábà máa ń jẹ́ pupa tàbí kí ó má jẹ́ ẹ. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé abo ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo tortie. Akọ tortie tí a bá rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan sábà máa ń ní X méjì àti Y kan, kì í sì í lè gba abo lóyún. Bí ẹnikẹ́ni bá fi akọ tortie lọ̀ yín fún stud, ẹ má ṣe san owó. Ní ọdún 2025 ni àwùjọ olùwádìí kan ní Jàpáánì àti òmíràn ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tẹ ìwádìí jáde pé ẹyọ kékeré kan tí ó já kúrò nítòsí jíìnì tí a ń pè ní ARHGAP36 ni ó fa àwọ̀ pupa náà. Inú mi dùn púpọ̀ sí ìwádìí yẹn, nítorí pé ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí a ti mọ̀ pé orí X ni ó wà, láìmọ jíìnì náà gan-an.

Ti ẹ̀yà wá le ju èyí lọ. Ìwé ìran ni ó ń sọ ológbò di ẹ̀yà kan, ìyẹn ìwé tí àjọ tí ń forúkọ ológbò sílẹ̀ fún un, tí ó sì dárúkọ baba, ìyá àti àwọn baba ńlá rẹ̀. Ní ọdún 1871 ni Harrison Weir ṣètò àfihàn ológbò ńlá àkọ́kọ́ ní Crystal Palace ní Lọ́ńdọ̀nù, láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń kọ ìlànà ìrísí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Nínú irú àwọn àjọ tí ń forúkọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, CFA bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1906, GCCF bẹ̀rẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1910, TICA sì dé ní 1979. Bí ẹni tí ń ta ológbò bá sọ pé Persian ni, tí kò sì ní ìwé láti ọ̀dọ̀ irú àjọ bẹ́ẹ̀, kò ní ẹ̀rí. Irun gígùn kì í ṣe ẹ̀rí. Jíìnì irun gígùn máa ń fara pamọ́, ológbò méjì tí irun wọn kúrú lè ní in lára, kí wọ́n sì bí ọmọ onírun gígùn láìsí Persian kankan nínú ìdílé wọn. Ọ̀pọ̀ jù lọ ológbò tí a ní ní Òṣogbo ni àwọn olùsìn òkè òkun yóò pè ní “domestic shorthair”, tí wọ́n máa ń kọ ní DSH, ìyẹn ológbò ilé onírun kúkúrú tí kò ní ìwé ìran. Orúkọ yẹn kò ní ẹ̀gàn kankan nínú.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ẹ ṣé, olùkọ́. Èmi wá ń bi ara mi pé kí ni Ìyá Ìbejì fẹ́ fi Persian ṣe nígbà tí ó jẹ́ èkúté ni wọ́n ń bá jà. Persian tí ó bá jẹ́ ojúlówó, imú rẹ̀ pẹlẹbẹ, omi máa ń jáde lójú rẹ̀, irun rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ rí ìyarun lójoojúmọ́ kí ó má baà lọ́ pọ̀ di ìdì. Nínú ooru oṣù kejì àti oṣù kẹta ní ìlú yìí, mímí gan-an yóò di iṣẹ́ fún un. Ní agbolé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìran ológbò ilé ni a ti ń sìn láti ayé ìyá mi àgbà, kò sì sí èkúté tí ó jẹ́ dá àpò ẹ̀wà lu níbẹ̀.

Ní ti “F1” tí wọ́n kọ síbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé ẹni tí ó kọ ọ́ kò mọ ohun tí ó jẹ́. Wọ́n ń lò ó fún ẹ̀yà tí ó ní ẹran igbó nínú. Bengal wá láti ara ológbò igbó kékeré ilẹ̀ Éṣíà kan tí wọ́n gùn pọ̀ mọ́ ológbò ilé, Savannah sì wá láti ara serval, ẹran igbó ilẹ̀ Áfíríkà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn. F1 ni ọmọ tí ẹran igbó náà bí fúnra rẹ̀, F2 ni ọmọ-ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ. F1 kì í ṣe ẹran tí a ń kó sínú ilé tí ọmọ kékeré wà. Kò sì sí bí ọ̀rọ̀ F1 ṣe kan Persian.

Ohun méjì tí mo fẹ́ fi kún un ni pé kí ẹ má ṣe tẹ abo yín lọ́dàá bí ẹ bá fẹ́ kí ó máa pa èkúté, kí ẹ má sì bọ́ ọ yó jù, nítorí ológbò tí ó yó kì í ṣọdẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn Ẹranko

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ Òṣogbo ni mí, ìmọ̀ ìṣègùn ẹranko ni mo ń kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, mo fara mọ́ ohun tí ẹ sọ nípa Persian àti F1 pátápátá, ṣùgbọ́n ẹ fori jì mí, ohun méjì tí ó kẹ́yìn yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwà ọdẹ ológbò àti ebi rẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Ológbò tí ó yó yóò ṣì dọdẹ, ó tilẹ̀ lè pa èkúté láìjẹ ẹ́. Èyí tí ebi ń pa ni ó máa ń ṣáko lọ sínú ìdọ̀tí àwọn aládùúgbò, níbi tí ó ti lè jẹ èkúté tí ó ti jẹ májèlé, kí májèlé náà sì pa òun náà. Títẹ̀ lọ́dàá kò sì gba ọdẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ó ń gbà kúrò ni ìjà àti ìrìnkiri àìnídìí láti wá abo tàbí akọ.

Níwọ̀n ìgbà tí ọmọ Ìyá Ìbejì ti ń ronú àtimú ológbò bímọ, mo fẹ́ tú ọ̀rọ̀ “heat” dáadáa, nítorí òun ni ó ń kó ìpayà bá ọ̀pọ̀ ilé. Ìgbà tí abo ń wá akọ ni. Yóò máa ké kíké tí kì í ké tẹ́lẹ̀, tọ̀sán-tòru, yóò máa yí nílẹ̀, yóò máa fi ara nu ẹsẹ̀ ènìyàn àti àga, bí ẹ bá sì fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, yóò tẹ àyà mọ́lẹ̀, yóò gbé ìdí sókè, yóò yí ìrù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn kan máa ń rò pé inú ń run ún, wọ́n á sì fún un ní paracetamol. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láé: ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè tú oògùn yẹn bí ti ènìyàn, ẹyọ kan ṣoṣo tó láti pa á.

Heat máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Bí akọ kò bá gùn ún, yóò lọ, yóò sì tún padà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Àwọn ìwé tí wọ́n kọ ní Yúróòpù máa ń sọ pé ó ní àsìkò, láti ìgbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ títí di ìgbà tí ewé ń wọ́. Gígùn ojúmọmọ ni ó ń ṣàkóso èyí. Ní Òṣogbo, ojúmọmọ ń súnmọ́ wákàtí 12 láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀, ojúmọmọ kúkúrú ìgbà òtútù tí ń dá ológbò wọn dúró kò sí níbí, nítorí náà abo tiwa lè wá akọ ní oṣù èyíkéyìí. Ẹ má ṣe fi ìwé òkè òkun ka oṣù fún un.

Ohun mìíràn tí ó yà á sọ́tọ̀ sí ewúrẹ́ àti ajá ni pé ẹyin rẹ̀ kì í sábà já fúnra rẹ̀. Gígùn náà ni ó ń mú ẹyin já, ní nǹkan bí ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn rẹ̀, ó sì sábà máa ń gba kí akọ gùn ún ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nítorí èyí, bí akọ mẹ́ta bá gun abo kan láàárín ọjọ́ méjì, àwọn ọmọ inú oyún kan náà lè ní baba ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí abo rẹ̀ jáde lóru kan ṣoṣo kò lè sọ fún oníbàárà pé òun mọ baba ọmọ.

Oyún sábà máa ń gba ọjọ́ 63 sí 67. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta, orí ọmú á pọ́n, á sì yọ síta díẹ̀. Èyí ni wọ́n ń pè ní “pinking up”. “Queening” ni ìbímọ náà. Ẹ ṣètò páálí tí ó jìn díẹ̀ sí igun tí kò sí ariwo, kí ẹ tẹ́ aṣọ mímọ́ sí i, kí ẹ sì jìnnà díẹ̀. Ọmọ mẹ́ta sí márùn-ún ni ó wọ́pọ̀. Bí ó bá ń rọbí gidigidi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ọmọ kankan kò yọ, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ẹranko lójú ẹsẹ̀, ẹ má fa ọmọ náà. Ó lè sinmi fún wákàtí bíi mélòó kan láàárín ọmọ kan sí èkejì, kò sí ewu níbẹ̀ bí ó bá fara balẹ̀ tí ó ń fún àwọn tí ó ti bí lọ́mú.

Ọmọ tuntun ń wọn nǹkan bí gíráàmù 100. Òṣùwọ̀n ilé ìdáná ni kí ẹ fi máa wọ̀n wọ́n lójoojúmọ́. Èyí tí kò bá wúwo sí i, tàbí tí ó bá ń fúyẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́, ni wọ́n ń pè ní “fading kitten”, bí a kò bá sì tètè dá sí i, yóò kú. Wọ́n gbọ́dọ̀ mu omi ọmú àkọ́yọ láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, nítorí inú rẹ̀ ni agbára tí ń gbógun ti àrùn wà. Ojú wọn máa ń là láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Láti ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkeje ni wọ́n ń kọ́ ẹni tí wọn yóò bẹ̀rù àti ẹni tí wọn kò ní bẹ̀rù, nítorí náà kí ènìyàn máa gbé wọn, kí wọ́n máa gbọ́ ohùn ọmọdé. Ẹ má gba ọmọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ méjìlá tilẹ̀ sàn jù.

Ìyá Ìbejì Òkè-Fìà

Ọlọ́run yóò gba ìwé fún ọ, ọmọ mi. Ẹ̀yin yòókù náà, mo dúpẹ́. Ó ku “abẹ́rẹ́ kìíní” àti “litter trained”. Ìyàwó àbúrò mi tí ó lóyún tún ń bọ̀ wá gbé ọ̀dọ̀ wa, ẹnì kan sì sọ fún un pé ológbò máa ń ba oyún jẹ́. Ṣé òótọ́ ni?

Oníṣègùn Ẹranko Ayétòrò

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a kà sí dandan fún ológbò ni èyí tí ó ń dènà àrùn mẹ́ta pọ̀: panleukopenia, tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti èébì, tí ó sì ń pa ọmọ ológbò ní ìpakúpa, pẹ̀lú herpesvirus àti calicivirus, tí àwọn méjèèjì ń fa ọ̀fìnkìn àti ojú ríro. A máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ, a ó máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra wọn, títí tí ọmọ náà yóò fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún ó kéré tán. Ìdí tí a fi ń tún un gún ni pé ohun tí ọmọ gbà nínú omi ọmú ìyá rẹ̀ lè pa iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ rẹ́. Lọ́tọ̀ sí èyí ni abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, tí a ń gún láti ọ̀sẹ̀ kejìlá, ní orílẹ̀-èdè tiwa kò sì yẹ kí a fo èyí. Ológbò oṣù mẹ́wàá tí ó gba “abẹ́rẹ́ kìíní” nìkan kò tíì parí àjẹsára rẹ̀. Ẹ béèrè káàdì. Orúkọ abẹ́rẹ́, nọ́ńbà tí ó wà lára ìgò, ọjọ́ tí a gún un àti ìfọwọ́sí oníṣègùn ni ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí kò bá sí káàdì, ẹ kà á sí pé kò gba abẹ́rẹ́, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

“Litter trained” ni pé ó ti mọ̀ pé inú àwo ìyàgbẹ́ ni òun ń yàgbẹ́ sí. Kì í ṣe iṣẹ́ ńlá, nítorí ológbò fẹ́ràn láti wa ilẹ̀ kí ó sì bo ìgbẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Yanrìn gbígbẹ tàbí ìyẹ̀fun pákó láti ibi tí wọ́n ti ń la igi dára tó. Bí ó bá ń yà sílẹ̀ lójijì, ẹ wo àwo náà bóyá ó ti dọ̀tí, ẹ sì wo ẹran náà bóyá ó ń ṣàìsàn. Akọ tí ó ń tiraka láti tọ̀ tí ìtọ̀ kò jáde gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní ti aláboyún, ọ̀rọ̀ náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi kún un. Kòkòrò kan tí a ń pè ní Toxoplasma máa ń wà nínú ìgbẹ́ ológbò fún ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn tí ológbò bá kọ́kọ́ kó o, lára eku tàbí ẹran tútù. Ó lè ṣe ọmọ inú oyún ní ìjàǹbá. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ fún ọjọ́ kan ó kéré tán kí kòkòrò inú rẹ̀ tó lè ran ènìyàn. Kí ẹlòmíràn máa da àwo náà nù lójoojúmọ́, kí aláboyún má fọwọ́ kàn án, kí ó máa fọ ẹ̀fọ́ dáadáa, kí ó sì má jẹ ẹran tí kò jinná, nítorí ẹran tí kò jinná náà ń fi àrùn yìí ran ènìyàn. Kò sí ìdí láti lé ológbò jáde.

Mo tún fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ó wà nínú ilé yín tí ó jẹ́ oró fún un. Àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ máa ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Apakòkòrò ìfọlẹ̀ tí ó máa ń funfun bí wàrà bí a bá pò ó mọ́ omi ń ṣe é ní ibi, nítorí ó máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, yóò sì lá ẹsẹ̀ náà. Oògùn eégbọn ajá tí ó ní permethrin nínú máa ń mú un gbọ̀n títí yóò fi kú. Ẹran-ara nìkan ni ó fún un ní taurine, èròjà tí ọkàn àti ojú rẹ̀ kò lè ṣe aláìní, nítorí náà èbà àti omi ọbẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀. Ẹja, ọkàn adìẹ àti ẹran tí a kò fi àlùbọ́sà sè ni kí ó máa jẹ, bí apá kò bá ká oúnjẹ ológbò inú ọ̀rá.

Olùkọ́ Báyọ́lọ́jì, Dàda

Fún ọmọbìnrin yín tí ó fẹ́ máa ta ọmọ ológbò, ó yẹ kí ó mọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan. “Inbreeding” ni kí ìbátan tímọ́tímọ́ gun ara wọn. “Linebreeding” ni wọ́n ń pè é bí wọ́n bá mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é kí ìrísí baba ńlá kan lè dúró nínú ìran, orúkọ yìí sì máa ń jẹ́ kí ó dùn létí ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí àbùkù tí ó fara pamọ́ máa ń jáde nínú méjèèjì. “Outcross” ni kí a mú ẹran láti ìdílé mìíràn wọlé.

Àbùkù mìíràn tilẹ̀ wà nínú ẹ̀yà fúnra rẹ̀. Scottish Fold, tí etí rẹ̀ wó síwájú, bẹ̀rẹ̀ láti ara ológbò kan tí wọ́n rí ní Scotland ní 1961. Jíìnì tí ó ń wó etí náà ń ba kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ egungun jẹ́ jákèjádò ara, oríkèé ẹsẹ̀ á máa ro ẹran náà. A kò gbọdọ̀ jẹ́ kí etí-wíwó gun etí-wíwó, èrò tèmi sì ni pé kí a má sin ẹ̀yà náà rárá. Persian lè jogún àrùn tí ń mú kíndìnrín kún fún àpò omi. Òbí kan ṣoṣo tí ó bá ní in tó láti fi ran nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ, àyẹ̀wò jíìnì rẹ̀ sì wà. Ológbò funfun olójú búlúù sábà máa ń jẹ́ adití. Ẹ sì jẹ́ kí n mẹ́nu ba Siamese, ẹ̀yà ológbò mìíràn, nítorí wọ́n máa ń fi ta jìbìtì: àwọ̀ dúdú rẹ̀ máa ń wà níbi tí ara bá ti tutù, ìyẹn etí, imú, ẹsẹ̀ àti ìrù, a sì máa ń bí i ní funfun. Nínú ooru tiwa, ara rẹ̀ lè mọ́lẹ̀ ju ti èyí tí ó dàgbà nílẹ̀ òtútù lọ, àìdúdú tó rẹ̀ kò wá sọ pé kì í ṣe Siamese.

Ológìnní Alékúwodò

Kí ọmọ yín tó gbé abo lọ fún stud kankan, kí ó béèrè àyẹ̀wò FeLV àti FIV fún akọ, kí ó sì ṣe é fún abo tirẹ̀. Kòkòrò àrùn méjì ni wọ́n, wọ́n ń ba agbára ara jẹ́, gígùn àti gígé ara wọn jẹ sì jẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ràn. Olówó akọ tí ó bá bínú sí ìbéèrè yìí, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì Òkè-Fìà

Mo pe ẹni tí ń tà á. Kò sí káàdì abẹ́rẹ́, kò mọ baba ológbò náà, ó sì ní òun rí “F1” nínú ìpolówó ẹlòmíràn ni òun fi kọ ọ́. N kò rà á. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, bí ẹ bá ní abo kékeré tí ó ti já lẹ́nu ọmú nínú ìran tiyín, mo fẹ́ ẹ, oníṣègùn Ayétòrò ni yóò sì bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ọmọ mi ṣì fẹ́ kí ó bímọ lẹ́ẹ̀kan kí a tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Wọ́n ní ó dára fún ara rẹ̀. Bí a bá gbà bẹ́ẹ̀, ìgbà wo ni ó tún lè lóyún lẹ́yìn tí ó bá bímọ?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Mẹ́ta wà nílẹ̀, abo méjì, akọ kan, DSH tabby ni gbogbo wọn, wọ́n ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Ẹ má san kọ́bọ̀. Mo ti gbọ́ ohun tí àbúrò wa wí nípa títẹ̀ lọ́dàá, ọ̀dọ̀ oníṣègùn kan náà ni n ó gbé akọ yẹn lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn Ẹranko

Ìyá wa, kò sí àǹfààní ìlera kankan nínú kí ó kọ́kọ́ bímọ. Bí a bá ṣe iṣẹ́ abẹ náà kí heat àkọ́kọ́ tó dé, ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sí márùn-ún, ewu jẹjẹrẹ ọmú á dín kù gan-an, kò sì ní sí ilé ọmọ tí yóò kó ọyún, àìsàn tí a ń pè ní “pyometra”. Bí ọmọ yín bá ṣì taku, kí ó dúró títí abo náà yóò fi pé ọdún kan ó kéré tán.

Ní ti ìbéèrè yín, ó lè tún lóyún láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ, nígbà tí àwọn ọmọ ṣì wà lẹ́nu ọmú; fífún ọmọ lọ́mú kì í dènà rẹ̀ dájúdájú. Ìṣirò tí ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni ti àwọn ọmọ náà fúnra wọn, nítorí ọmọ ìyá kan náà máa ń gun ara wọn, akọ sì máa ń gun ìyá tí ó bí i. Ẹ ya àwọn akọ sọ́tọ̀ kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́rin, kí ẹ sì fi ìyá wọn náà sínú yàrá àwọn abo.